Ṣúgà àti Bọ́tà ní Ọdún 1942

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹnì kan rí i pé n kò fọwọ́ kan dónọ́ọ̀tì orí tábìlì. Ó ní bí ènìyàn bá dé ìlú òyìnbó, kí ó jẹ oúnjẹ òyìnbó, nítorí pé láti ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ṣúgà àti ọ̀rá ṣe gbogbo nǹkan. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé àwa ará Calgary gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1903 ni ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Jesse Knight, ọlọ́rọ̀ kan láti Utah, dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Raymond, ní gúúsù Alberta. Kì í ṣe ìrèké ni wọ́n ń lò, nítorí òtútù ibí yóò pa á. Gbòǹgbò kan tí ń jẹ́ sugar beet ni. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro oko rẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ ni láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ogun Hitler dé, àgbẹ̀ kò rí alágbàṣe mọ́. Ní ọdún 1942 ìjọba Kánádà lé àwọn ìdílé ará Jàpáànù kúrò ní etí òkun British Columbia, bí 22,000 ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni Kánádà ni a bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí. Àwọn tí kò fẹ́ kí a ya bàbá kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti ọmọ gbà láti lọ ro oko beet. Ó ju 2,000 lọ tí ó wá sí gúúsù Alberta níhìn-ín, àwọn mìíràn sì ń sun inú ilé adìyẹ tí a tún ṣe. Ìyà wọn wà nínú ṣúgà náà.

Síbẹ̀, ṣúgà kò tó. Ní oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé pín in: ààbọ̀ ìwọ̀n pọ́n-ùn, bí giráàmù 227, fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ó kan bọ́tà. Oṣù keje yẹn náà ni ìjọba gbé ìlànà oúnjẹ jáde fún gbogbo ìlú: mílíìkì, èso, ẹ̀fọ́, ọkà àti búrẹ́dì, ẹran àti ẹja, ẹyin. Ṣúgà kò ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa pẹ̀lú. Nígbà tí Jàpáànù gba Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, epo ìhà ọ̀hún dáwọ́ dúró, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì yíjú sí. Ọdún yẹn ni wọ́n dá West African Produce Control Board sílẹ̀, tí ń ra epo àti ẹ̀kùrọ́ ní iye tí ìjọba dá. Àdí inú ẹ̀kùrọ́ tí àwọn ìyá àgbà wa fi òkúta pa wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe màgaríìnì. Àwa náà sì wá fi màgaríìnì jẹ búrẹ́dì dàgbà!

Ìpín ṣúgà parí ní Kánádà ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1953. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní ọdún 2024, Tadeja Gracner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nínú ìwé ìròyìn Science nípa àwọn tí wọ́n wà nínú oyún àti ní ọmọ ọwọ́ kí ìpín náà tó parí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ewu àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù fún wọn, ti ẹ̀jẹ̀ ríru fi 20 dínkù. Èwo nínú wa ni kò ní ẹbí tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ìpín ìgbà ogun jẹ́ bí giráàmù 32 lójúmọ́. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo ní bí 39.

Òfin Kánádà ti wí pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 kí àmì wà níwájú oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá tí ń dì bá pọ̀ nínú rẹ̀. Mo bẹ akápò wa kí ó wo àmì náà kí ó tó rajà fún àríyá tí ń bọ̀. Kí ó ra omi àti ọsàn, kí a sun ẹja. Bí dónọ́ọ̀tì bá tún wà níbẹ̀, n kò ní bá yín jà. Ààbọ̀ ni kí ẹ bù fún mi.