Adé Kan, Ẹsẹ̀ Púpọ̀: Ìtàn Ìṣẹ́gun 35 Mark Cavendish

Ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2024, Mark Cavendish, ọmọ bíbí Erékùṣù Man, borí ìpele karùn-ún ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France nílùú Saint-Vulbas. Ìgbà 35 nìyẹn tí yóò borí ìpele kan nínú ìdíje náà. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá Eddy Merckx, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí 34 tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1975. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé àkọsílẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gbà á. Ẹni tó sá sí i lẹ́yìn kò lo agbára tó o. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ikọ̀ fi ń tò tẹ̀ léra wọn bí ọkọ̀ ojú irin bí òpin bá ti ń sún mọ́lé. Ẹni àkọ́kọ́ á sáré títí agbára rẹ̀ á fi tán, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni kejì á gba iṣẹ́. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí 200 mítà, ẹni tí wọ́n ti ń ṣíji bò á wá bẹ́ jáde.

Ikọ̀ Saeco ti Mario Cipollini, ará Ítálì, sọ ọgbọ́n yìí di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ikọ̀ Cavendish náà kọ́ ọ dójú àmì. Ní ọdún 2009, ó borí ìpele mẹ́fà. Nígbà tí ó borí èyí tó kẹ́yìn ní Paris, Mark Renshaw, tó la ọ̀nà sílẹ̀ fún un, ló ṣe ipò kejì.

Ìdíje ọdún 2024 fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láàárín Florence àti Rimini, ooru mú, òkè pọ̀, Cavendish sì ń bì lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá dé kí àkókò tí wọ́n dá tó pé, ilé ló ń lọ. Àwọn ọmọ ikọ̀ Astana dúró dè é, wọ́n ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé.

Romain Bardet ni ìwé àkọsílẹ̀ kọ pé ó borí lọ́jọ́ náà. Àwọn tó dúró ti Cavendish wà lára àwọn tó dé kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èrè ìdúró wọn hàn ní Saint-Vulbas.