Ọgbẹ́ Inú Àpáta

Láti Òkè-Àdó tí mò ń gbé sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀ kò jìnnà. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, orí òkúta fífọ́ ni irin rẹ̀ sì sinmi lé. Láti 1908 ni a tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odi òkúta sí ẹnu òkun Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Ní apá Abẹ́òkúta ni a ti ń fọ́ òkúta náà, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ. Òkúta tí ó lọ ni a máa ń ròyìn. Àpáta tí ó kù sẹ́yìn ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kí ẹ̀tù ìfọ́kúta tó dé, iná ni a ń dá sí àpáta. Bí ó bá gbóná tán, a ó fi òòlù là á. Ní 1867, Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gba ìwé àṣẹ lórí dáínámáìtì, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì di iṣẹ́ ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀tù kì í dúró níbi tí a ní kí ó dúró. Bí ó bá bú nínú ihò, ìgbì rẹ̀ a la àpáta kọjá: èyí tí ó wà létí ihò a rún, èyí tí ó jìnnà díẹ̀ a sán. Bí a bá tẹ àpáta, kì í tètè fọ́. Bí a bá fà á, kíá ni yóò ya. Sísán náà lè má hàn sójú rárá. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ti àpáta. Ó lè wọ inú rẹ̀ títí òkúta yóò fi yẹ̀, tí yóò sì wó lu òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yin ẹ̀tù.

Báwo ni a ṣe lè mọ ọgbẹ́ tí ojú kò rí? Àwọn onímọ̀ gbé e fún kọ̀ǹpútà. Nínú ìṣirò, wọn a pín àpáta sí ẹyọ kéékèèké. Wọn a sọ ìwúwo àti líle rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, àti ìwọ̀n ẹ̀tù pẹ̀lú. Ẹ̀rọ a wá ṣírò bí ìgbì ti ń ti ara ẹyọ kan dé ara èkejì. Ní 1980, Grady àti Kipp ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí ó ń fi nọ́ńbà wọn ọgbẹ́: 0 ni àpáta tí ara rẹ̀ pé, 1 ni èyí tí ó fọ́ pátápátá. Bí ìṣirò bá fi hàn pé ọgbẹ́ yóò jìn jù, a lè dín ẹ̀tù kù, tàbí kí a jẹ́ kí ihò kan bú ṣáájú èkejì.

Èdè ni mò ń kọ́, n kì í ṣe onímọ̀ òkúta; síbẹ̀ mo rí i pé ohun tí a bá sọ fún ẹ̀rọ yìí nìkan ni ó lè ṣírò. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì wó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé. Ẹ̀tù tí a bá fi pamọ́ kò sí nínú ìṣirò kankan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí a tó máa wá ẹ̀rọ tí ó gbọ́n jù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìwé: ẹ̀tù tí a rà ti pọ̀ tó? Èyí tí a lò ńkọ́? Níbo ni ìyókù wà?