Ìdìpọ̀ Nìkan Kò Tó: Ẹ̀rí Dispersin Lórí E. coli Onídìpọ̀

Ó ti mọ́ wa lára, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí EAEC (E. coli onídìpọ̀), láti máa fi bí bakitéríà náà ṣe ń dì pọ̀ wọn bí ó ṣe lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó. Láti ọdún 1987, tí Nataro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya ìdìpọ̀ tó rí bíi bíríkì tí a tò léra sọ́tọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì HEp-2, ni ohun tí ojú rí ti ń darí èrò wa. Mi ò fara mọ́ ọn. Ní 1995, oríṣi EAEC mẹ́rin ni wọ́n fún àwọn àgbà tó yọ̀ǹda ara wọn mu. Gbogbo wọn ló ń dì pọ̀, ṣùgbọ́n oríṣi tí à ń pè ní 042 nìkan ló fa ìgbẹ́ gbuuru, lára ènìyàn 3 nínú 5.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a kò ya dídì mọ́ra ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára lílẹ̀ mọ́ ìfun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni Ag43, púrótéènì kan lára bakitéríà, ń ṣe: ti ara bakitéríà kan á kọ́ ti èkejì, bẹ́ẹ̀ E. coli K-12 tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàm̀bá náà ní in. AAF, fọ́nrán tó ń jáde lára EAEC, ló wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì; bàyófíìmù 042 (ìpele bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ ojú nǹkan) kò sì lè ṣe láìsí AAF/II, ọ̀kan lára irú AAF, nígbà tó lè ṣe láìsí Ag43. Ẹ wá wo dispersin, púrótéènì kékeré tí wọ́n ṣàlàyé ní 2002. Fọ́nrán AAF ní agbára iná rere, ara bakitéríà ní òdì. Bí dispersin kò bá sí láàárín wọn, fọ́nrán náà á wó lé ara bakitéríà, kò ní lè nà jáde mọ́. Nígbà náà gan-an ni ìdìpọ̀ á wá le sí i, tí títàn ká ojú ìfun á sì dínkù! Ibi tí ìdìpọ̀ ti pọ̀ jù kọ́ ni kòkòrò ti rọ́wọ́ mú jù.

Àwọn kan á fi E. coli O104:H4 tó jà ní Jámánì ní 2011 dá mi lóhùn: AAF/I, irú AAF mìíràn, wà lára rẹ̀, ènìyàn 54 sì kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n májèlé Shiga ló ba kíndìnrín jẹ́; bóyá lílẹ̀ mọ́ ìfun ló bá májèlé náà lànà, ìyẹn kò sọ ìdìpọ̀ di ọ̀daràn. Okeke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti fi hàn ní 2000 pé EAEC ara àwọn ọmọdé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀kan náà. Lójú tèmi, agbára láti tú ká ni gbòǹgbò àrùn yìí. Kí yàrá àyẹ̀wò tó bá ń wọn ìdìpọ̀ máa wọn ìtúká pẹ̀lú rẹ̀.