Phone Swap: Fíìmù Ìfẹ́ àti Ìpadàsílé

Phone Swap jẹ́ fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí Kúnlé Afọláyan darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2012. Kẹ́mi Adésọyè ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Baba Kúnlé ni Adéyẹmí Afọláyan (1940–1996), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara. Adé Love kópa nínú Àjàní Ògún (1976), ọ̀kan lára àwọn fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́.

Ìtàn náà
Mary (Nse Ikpe-Etim) jẹ́ aránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ le koko. Akin (Wale Ojo) jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́, agbéraga tí kì í fẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun. Wọ́n kọlu ara wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, fóònù wọn sì pààrọ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, Akin ti dé Owerri, ìlú àwọn òbí Mary, Mary sì ti dé Àbújá, níbi tí iṣẹ́ Akin wà. Ni wọ́n bá gbà pé kí oníkálukú jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkejì. Chika Okpala ni ó ṣe baba Mary, Joke Silva sì ṣe ìyá Akin.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?
Láyé àtijọ́, ẹbí kì í fi ọmọ fún ọkọ láìṣe ìwádìí. Alárinà a máa lọ, a máa bọ̀; wọn a wo ilé kí wọ́n tó gba àna. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa fẹ́ra fún ọdún púpọ̀ láìmọ ilé ara wọn. Àṣìṣe ni ó ṣe ìwádìí fún Akin àti Mary. Ọ̀gá ni Akin ní ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Owerri, àlejò lásán ni.

Àwọn òwe tí ó bá a mu
1. Ilé làbọ̀ sinmi oko.
Ìtumọ̀: Bí a ti wù kí a rìn jìnnà tó, ilé ni a ó padà sí.
2. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.
Ìtumọ̀: Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ tọkàntọkàn.
3. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé.
Ìtumọ̀: Ìgbádùn òde kò gbọ́dọ̀ mú wa gbàgbé àwọn ènìyàn wa.

Ẹ̀kọ́
Fóònù lè gbé ohùn wa délé, ṣùgbọ́n kò lè dọ̀bálẹ̀, kò lè kúnlẹ̀, kò sì lè bá baba àgbà jẹun. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé kí wọ́n tó di àlejò níbẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ alárinà?
2. Ta ni ó yẹ kí o lọ kí nílé fúnra rẹ dípò fóònù?