Ìsìn Òwúrọ̀ Àjùmọ̀ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Àgùdà ní Ìlú Kàdúná: Ìtàn àti Èdè Rẹ̀

Ìfáárà

Bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ipa tí àwọn ajíhìnrere kó nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, orí ìwé kíkà, ìwé títẹ̀ àti àkọtọ́ ni wọ́n sábà máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró sí. Ohun kan wà tí kò ní ìwé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí kò sì sí ìdánwò lórí rẹ̀, síbẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé ń ṣe lójoojúmọ́ kí ó tó fọwọ́ kan síléètì tàbí ìwé. Ohun náà ni ìsìn òwúrọ̀ àjùmọ̀ṣe. Agogo yóò dún. Àwọn ọmọ yóò tò ní ìlà, kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Wọn yóò ya àmì àgbélébùú sí ara. Wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò sì kọrin. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò sọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yan wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà tàbí méje kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ní ìlú Kàdúná, iṣẹ́ tí ìsìn yìí ṣe kọjá ti ẹ̀sìn nìkan. Òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ tí wọn kò bá ara wọn tan, tí wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn, bí wọn yóò ṣe fi ohùn kan sọ̀rọ̀ pọ̀. Nígbà tí ìjọba sì gba àwọn ilé-ìwé náà, kò lè fi àyè ìsìn yìí sílẹ̀ lófìfo. Ohun mìíràn ni ó fi dípò rẹ̀.

Ìlú tí kò ní onílé àtijọ́

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bíi Kánò tàbí Zaria. Ìjọba amúnisìn ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Lugard ni ó yan ibẹ̀. Ọdún 1913 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1917, Kàdúná ti gba ipò olú-ìlú Àríwá lọ́wọ́ Zungeru. Láti ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Èkó lọ sí Kánò. Nígbà tí ojú irin Port Harcourt náà dé ibẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, Kàdúná di oríta tí ọ̀nà méjì ti pàdé. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn ológun àti àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Igbo àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké ilẹ̀ Àríwá ni wọ́n kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun Kaduna Textiles ṣí ilẹ̀kùn, èyí sì tún fa èrò rẹpẹtẹ wọlé.

Bí ìlú náà ṣe rí yìí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Ní ọdún 1903, Lugard ti ṣèlérí fún àwọn ọba ilẹ̀ Àríwá pé ìjọba kò ní dí ẹ̀sìn Ìsìláàmù lọ́wọ́. Ìlérí yìí ni wọ́n fi dènà àwọn ajíhìnrere ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn ẹmíà ń ṣàkóso. Kàdúná, tí ó jẹ́ ìlú ìjọba, tí àlejò sì pọ̀ nínú rẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Fadá ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ tí Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ọdún 1856, ti dé Shendam láti ọdún 1907. Ní ọdún 1934 ni wọ́n fi orúkọ Kàdúná pe ẹkùn Ìjọ Àgùdà tí ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1959 ni ó di ẹkùn áńṣíbíṣọ́ọ̀bù, tí John McCarthy, ọmọ Áílándì, sì di áńṣíbíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Sístà ẹgbẹ́ OLA, tí Augustin Planque dá sílẹ̀ ní ọdún 1876, ni wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin.

Nítorí náà, kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Àgùdà ní Kàdúná kò jọ ti Abẹ́òkúta tàbí ti Oǹdó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀sìn lè ya ọmọ méjì sọ́tọ̀, kí èdè sì tún so wọ́n pọ̀. Ní Kàdúná, ọmọ tí ó dúró níwájú lè jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, kí èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wẹ̀rì, kí ẹ̀kẹta wá láti gúúsù Zaria. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà ni orí ìlà òwúrọ̀.

Bí ìsìn náà ṣe rí

Kì í ṣe òfin ni ó bí àṣà yìí. Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí ìsìn àjùmọ̀ṣe máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ ní gbogbo ilé-ìwé tí ìjọba ń náwó lé lórí. Ṣùgbọ́n àṣà náà ti wà ní ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ní ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kí òfin yẹn tó dé. Ohun tí ìjọba amúnisìn ṣe ní tirẹ̀ ni pé ó fọwọ́ sí i: ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1925 sọ pé kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìwà wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Ní ilé-ìwé Ìjọ Àgùdà, ìsìn kò parí sí òwúrọ̀. Agogo ọ̀sán yóò dún, gbogbo kíláàsì yóò sì dìde fún àdúrà Angelus. Àdúrà wà kí wọ́n tó jẹun, ó sì wà kí wọ́n tó túká. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá jẹ́ oṣù Màríà àti oṣù Rósárì. Àwọn ọmọ tí ń múra fún Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ ní ẹ̀kọ́ katikísímù tiwọn, nítorí pé láti ọdún 1910 ni Póòpù Pius Kẹwàá ti pàṣẹ pé kí ọmọ tí ó tó nǹkan bí ọdún méje lè gbà á. Ọmọ tí kò tíì mọ aago í kà mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ó bá gbọ́ agogo Angelus. Ìsìn ni aago ilé-ìwé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àwọn àdúrà náà yẹ fún àfiyèsí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Àdúrà ìkíni sí Màríà pín sí méjì: aṣáájú yóò sọ apá kìn-ín-ní, gbogbo ọmọ yóò sì gba apá kejì. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń wúre nílé Yorùbá, tí àgbà ń ṣaájú, tí àwùjọ sì ń dáhùn pẹ̀lú àṣẹ, kò ní rí ìlànà yìí bí ohun àjèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kí ọmọ máa fi ẹsẹ̀ ara dúró, kí ó pa ojú dé, kí ó pàtẹ́wọ́ pọ̀ ní òwúrọ̀ kò ta ko ẹ̀kọ́ ilé tí ó ti kọ́ ọ láti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí òbí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni èdè.

Èdè wo ni Ọlọ́run ń gbọ́?

Títí di àwọn ọdún 1960, èdè Látìnì ni Mísà. Àpérò Ńlá Vatican Kejì ni ó fàyè gba èdè ìbílẹ̀, nínú ìwé lórí ìsìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọdún 1963. Àdúrà ilé-ìwé ní tirẹ̀ kì í ṣe Látìnì. Ní àárín ìlú Kàdúná, níbi tí àwọn ọmọ ti dàpọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ipò iwájú, tí Hausa sì ń tẹ̀ lé e. Ọmọ Yorùbá a máa sọ Yorùbá nílé, a máa sọ Hausa lọ́jà àti lójú títì, a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó há àwọn àdúrà náà sórí kí ó tó mọ ìtumọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ilé-kéú tí ó wà ní òdìkejì títì ṣe ń há èdè Lárúbáwá sórí pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́. Ẹ̀sìn méjèèjì gbà pé kí ẹnu mọ̀ ọ́n kí òye tó dé bá a, bí ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ṣe ń mọ oríkì ara rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ ni inú àká-ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà *àdúrà*, tí Onígbàgbọ́ Yorùbá gbogbo ń lò, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Òun àti *addu'a* ti èdè Hausa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. *Wáàsù* àti *wa'azi* rí bẹ́ẹ̀, *àlàáfíà* àti *lafiya* sì rí bẹ́ẹ̀. *Àlùfáà* tí a ń pe Fadá ti jẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kí Ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n sì lò wọ́n. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjọ Àgùdà ní Kàdúná bá sọ fún ìyá rẹ̀ ní èdè Yorùbá pé òun ti gbàdúrà ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ tí ọ̀nà Ìsìláàmù gbà wọ èdè wa ni ó ń lò. Èdè ti parí ìjà kan tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ dandan

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dùn. Ìsìn àjùmọ̀ṣe ní agbára lórí ọmọ tí kì í ṣe ti ìjọ náà. Láti ọdún 1882 ni òfin ẹ̀kọ́ tí ó kan Èkó ti fún òbí ní òmìnira lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òbí tí ó ń wá àyè ìwé kì í sábà jà fún irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fà á nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí ìlú Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Ní Àríwá, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, ẹ̀rù yìí le ju ti Èkó lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀rù asán.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979, ní abala 35, dáhùn ọ̀rọ̀ náà, abala 38 òfin ọdún 1999 sì tún un sọ: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ọmọ ilé-ìwé kankan kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin kan náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ dí ìjọ kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀sìn wọn ní ilé-ìwé tí ó jẹ́ ti ìjọ náà pátápátá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára lórí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bá ní kí ó dúró lọ́tọ̀ lábẹ́ igi nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin ni ó mọ ohun tí òmìnira náà ń ná an.

Ohun tí ìjọba fi dípò rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Orúkọ ni ó kọ́kọ́ yí padà. Ní Kàdúná, St John's College, tí Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, di Rimi College. Queen of Apostles College, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Kakuri, di Queen Amina College. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ wọn fi ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ronú hàn. Wọ́n mú ayaba kan kúrò, wọ́n sì fi ayaba mìíràn sípò: Màríà lọ, Àmínà ti Zaria dé. Wọn kò fi ipò náà sílẹ̀ lófìfo.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí ìsìn òwúrọ̀. Ọdún 1976, tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, náà ni Ẹ̀jẹ́ Orílẹ̀-èdè dé. Felicia Adébọ́lá Adéyoyin, olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ni ó kọ ọ́. Ìwé ìròyìn *Daily Times* tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba Ọbásanjọ́ sì mú un wọ ilé-ìwé gbogbo. Ọwọ́ lórí àyà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run ni ó sì fi parí. Ní ọdún 1978 ni orin orílẹ̀-èdè tuntun tẹ̀ lé e. Àdúrà sí Ẹlẹ́dàá ni ẹsẹ kejì rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi sọ ọ́ di àdúrà òwúrọ̀. Nígbà tí ìjọba dá orin ọdún 1960 padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹsẹ ìkẹyìn tirẹ̀ náà jẹ́ àdúrà. Ìlà kò yí padà, agogo kò yí padà, ìdúró kò yí padà. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ di ẹni tí kò ní ìjọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, ọmọ Mùsùlùmí kan yóò gbàdúrà, ọmọ Onígbàgbọ́ kan yóò sì tẹ̀ lé e. Ìdọ́gba ni èyí, kì í ṣe ohùn kan.

Ìjọ Àgùdà kò dákẹ́. Ẹjọ́ tí Áńṣíbíṣọ́ọ̀bù Anthony Olúbùnmi Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn tí ìjọba náà kéde ní ọdún 1980 pé kò ní sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni mọ́, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1981 pé ẹ̀tọ́ wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìjọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwé tirẹ̀, ó sì ń gba owó nínú rẹ̀. Owó náà ti yan àwọn tí yóò wọlé kí ẹ̀sìn tó yàn wọ́n.

Ohun tí ó gbọn ìlà náà jù lọ kì í ṣe òfin. Rògbòdìyàn ọdún 1987 àti ti 1992 ti kan Kàdúná. Ti oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún ọdún 2000, lórí òfin Ṣàríà, pa èèyàn lọ súà, ti oṣù Kọkànlá ọdún 2002 sì tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará ìlú kó ara wọn jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sí apá àríwá odò Kàdúná, sí Tudun Wada àti Rigasa, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ sí apá gúúsù, sí Sabon Tasha àti agbègbè rẹ̀. Ilé-ìwé ń tẹ̀ lé ilé àwọn tí ń gbé ìtòsí rẹ̀. Ìsìn òwúrọ̀ ṣì ń wáyé ní ilé-ìwé Ìjọ Àgùdà ní apá gúúsù, agogo ọ̀sán ṣì ń dún, ó sì ṣeé ṣe kí àdúrà náà rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n lórí ìlà. Ó wà ní ìkọjá odò, lórí ìlà mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ *addu'a* pe ohun kan náà.