Àpá Tó Ń Wú: Ibi Tó Ti Bẹ̀rẹ̀ àti Ibi Tí Iṣẹ́ Dé Lórí Rẹ̀

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn kan ti ń pààrà ìsọ̀ wa, wọ́n ń ta ìpara tí wọ́n ní "stem cell" wà nínú rẹ̀, pé yóò pa àpá tó wú rẹ́. A bi ọ̀kan nínú wọn pé sẹ́ẹ̀lì kí ni. Ó ní ti ápù ni. Àwọn ìyá kan láàárín wa ti ra á fún ọmọ wọn tí etí rẹ̀ wú lẹ́yìn tí wọ́n lu ú. Owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ló jẹ́ ká ní ká kọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Àpá tó wú kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Níbi tí wọ́n ti ń kọlà, tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n ń lu etí ọmọ, àwọn olóólà mọ̀ pé ojú ilà ẹnì kan á jinná, á tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ẹlòmíì á wú bọ̀ǹbọ̀. Ní 1973, Omo-Dare kọ̀wé nípa ìmọ̀ Yorùbá lórí àpá yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀dúdú ní Amẹ́ríkà. Inú wa dùn nígbà tá a gbọ́, torí Paris làwọn òyìnbó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Ní Paris ọ̀hún, ní 1806, dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ Jean-Louis Alibert ṣàpèjúwe rẹ̀. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún un jọ ti jẹjẹrẹ. Ní 1817 ó yí i padà sí kílọ́ìdì, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ń tọ́ka sí ọwọ́ akàn, torí bó ṣe ń na ọwọ́ jáde sára awọ tí kò lọ́gbẹ́. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àpá líle lásán náà nìyẹn: àpá líle kì í kọjá ààlà ọgbẹ́, ó sì lè rọlẹ̀ tó bá yá. Kílọ́ìdì kì í mọ ààlà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí ara bá gé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á máa hun okùn tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn láti fi dí ojú ọgbẹ́, bí ẹni ń hun aṣọ òkè. Tí aṣọ bá tó, ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Nínú kílọ́ìdì, ahunṣọ kò gbọ́ pé aṣọ ti tó. Ìdí nìyẹn tí gígé nìkan kò fi ràn án: ìwádìí fi hàn pé láàárín 45 sí 100 nínú 100 ló ń padà hù, nígbà mìíì ó máa ń tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú rẹ̀, títí dòní la ṣì ń gún un.

Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn náà ni Friedenstein ní Moscow rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn egungun tó lè di egungun. Ní 1975, Rheinwald àti Green ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà láti mú sẹ́ẹ̀lì awọ èèyàn pọ̀ sí i nínú àwo. Ní 1983 wọ́n fi irú awọ bẹ́ẹ̀ bo ara ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí iná jó bíi gbogbo ara wọn. Wọ́n yè é! Ṣùgbọ́n awọ tuntun náà kò nírun, kò lè làágùn. Ní 2001 ni àwọn kan tún rí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n ń fà jáde lára èèyàn, èyí tó rọrùn láti rí ju ti inú egungun lọ.

Lára eku àti ehoro, irú sẹ́ẹ̀lì yìí ti dín wíwú àpá kù. Kì í ṣe pé ó di awọ. Iṣẹ́ tó ń rán sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká ló ń mú kí ara rọ̀, kí híhun náà sì dín kù. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ní kọ́lọ́kọ́lọ́ nínú o, torí wọ́n ti rí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú kílọ́ìdì fúnra rẹ̀. Ní 2021 pàápàá, àwọn ará Stanford lo oògùn ojú kan fún eku, ọgbẹ́ rẹ̀ jinná láìní àpá, irun sì hù níbẹ̀. Eku ni o.

Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, inú òtútù tó ju ti fírísà wa lọ fíìfíì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja dídì, ẹ ṣáà mọ ohun tí iná tó lọ fún ọjọ́ méjì lè ṣe. Ìgò ìpara tó ti dúró sórí àtẹ látàárọ̀ ní oṣù kẹrin, sẹ́ẹ̀lì wo ló tún kù níbẹ̀?

Abẹ́rẹ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà awọ ara. Wọ́n á máa gún un lẹ́ẹ̀kan ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, fún ìgbà mélòó kan, ó sì máa ń dùn èèyàn. Tí àpá bá ṣì kéré ló dáa jù kéèyàn bẹ̀rẹ̀. Ilé tí bàbá tàbí ìyá bá sì ti ní in, kí wọ́n sọ fún dókítà kí wọ́n tó lu etí ọmọ.