Fíìmù gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ọ̀rẹ́, Bàbá àti Ìpànìyàn Òpópónà Guling ní Taipei

Ìfáàrà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1961, ọmọkùnrin kan tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Taipei, olú-ìlú Táíwàn, fi ọ̀bẹ gún ọmọdébìnrin kan pa ní Òpópónà Guling. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1991, Edward Yang fi ọ̀ràn náà ṣe fíìmù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 237. Orúkọ tí fíìmù yìí ń jẹ́ ní èdè Ṣáínà dà bí àkọlé ìwé ìròyìn: ó dárúkọ òpópónà, ó ní ọ̀dọ́ ni, ó ní ó pànìyàn. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, A Brighter Summer Day, jáde láti inú orin kan tí Elvis Presley kọ. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ ẹjọ́, èkejì jẹ́ orúkọ orin; àárín méjèèjì ni ìtàn àwọn ọmọ náà wà.

Ó rọrùn láti sọ pé owú jíjẹ ni ó fa ikú ọmọbìnrin náà, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò tó. Ohun tí fíìmù náà jẹ́rìí sí ni bí ẹ̀rù tí ìjọba dá sí ọkàn àwọn àgbà ṣe sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn ọmọ wọn, tí ọ̀rẹ́ ṣíṣe sì fi di ohun tí àwọn ọmọ fi dípò ilé. Ṣùgbọ́n yóò tún hàn pé mímọ orísun ìwà kan yàtọ̀ sí dídá ẹni tí ó hu ú láre.

Àwọn Ogúnléndé àti Ọmọ Wọn

Láti 1895 títí di 1945, abẹ́ ìjọba Jàpáànù ni Táíwàn wà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Kuomintang tí Chiang Kai-shek jẹ́ olórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àárín ìjọba tuntun yìí àti àwọn onílẹ̀ fi dàrú: rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1947, àwọn ọmọ ogun sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1949, àwọn Kọ́múníìsì lé Chiang kúrò ní Ṣáínà. Àwọn ọmọ ogun, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹbí wọn tí iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ sì sọdá òkun wá sí Táíwàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni òfin ológun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 38 kọjá kí a tó fagi lé e ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1987.

Ohun tí ìjọba ń sọ fún àwọn ogúnléndé wọ̀nyí ni pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi padà sílé. Nítorí náà, àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ara wọn sí níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Taipei, ilé tí ó sọnù ni a wò tí a fi sọ òpópónà lórúkọ. Guling gan-an jẹ́ orúkọ ibì kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Jiangxi ní Ṣáínà, ibi tí ọmọ tí ó ń rìn ní òpópónà náà lè máà fojú kàn láé. Inú ilé tí àwọn ará Jàpáànù kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbé. Nínú fíìmù, àwọn ọmọ rí idà àti ọ̀bẹ tí àwọn onílé àtijọ́ fi pamọ́ sí àjà. Ogun àná tí kò kàn wọ́n ni ó fi ohun ìjà lé wọn lọ́wọ́.

Edward Yang fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ yìí. Shanghai ni a ti bí i ní 1947, a sì gbé e wá sí Táíwàn ní 1949. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀. Kí òfin ológun tó kúrò nílẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwà àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ojú sinimá. Ní 1989 ni Hou Hsiao-hsien gbé ọ̀rọ̀ 1947 jáde nínú A City of Sadness. Fíìmù Yang tẹ̀ lé e ní ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Ẹgbẹ́ Dípò Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ti sọ èrò olùdarí rẹ̀: àìbalẹ̀-ọkàn àwọn òbí ni àwọn ọmọ dàgbà sínú rẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn jà. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Ọgbà Kékeré; ọmọ àwọn ológun ni ẹgbẹ́ 217. Honey, olórí Ọgbà Kékeré, sá pamọ́ sí gúúsù erékùṣù náà, ó sì padà wá nínú aṣọ atukọ̀ ojú omi. Olórí ẹgbẹ́ kejì tì í sí iwájú ọkọ̀, ó sì kú. Ẹ̀san ikú rẹ̀ ni a gbà pẹ̀lú idà ní alẹ́ ọjọ́ ìjì.

Xiao Si, olú ẹ̀dá-ìtàn, kò fi gbogbo ara wọ ẹgbẹ́ kankan. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọmọ kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni ipò rẹ̀ sì rí láàárín ọmọ márùn-ún tí òbí rẹ̀ bí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Wang Mao, ẹni tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Ológbò, ọmọ kúkúrú tí ohùn rẹ̀ dùn. Ológbò kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń fi kọ orin Amẹ́ríkà: ẹ̀gbọ́n Xiao Si obìnrin ni ó ń tẹ́tí sí àwo orin, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kejì ni Ma, ọmọ ọ̀gágun kan, tí apá òfin ilé-ẹ̀kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ká. Nínú ọ̀rẹ́ méjèèjì yìí ni Xiao Si ti rí ohun tí ilé kò lè fún un mọ́: ìdùnnú lọ́dọ̀ Ológbò, ààbò lọ́dọ̀ Ma.

Bàbá tí Ẹnu Rẹ̀ Wọlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìtàn Xiao Si bèèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rù bá dá àgbà ọjà náà lọ́wọ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, bàbá Xiao Si ń bá aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ jiyàn lórí máàkì tí ọmọ rẹ̀ gbà nínú ìdánwò, nítorí kò fẹ́ kí ó di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Nígbà tí ẹ̀sùn mìíràn délẹ̀, ó tún dúró ti ọmọ náà. Bí wọ́n ti ń padà sílé ni ó ń kọ́ ọ pé akitiyan ènìyàn ni ó ń pinnu ọjọ́ iwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá mú bàbá yìí. Wọ́n béèrè àwọn tí ó mọ̀ nígbà tí ó wà ní Ṣáínà, wọ́n sì mú kí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó padà wálé kì í ṣe ẹni tí ó lọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tún pè é nítorí ọmọ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Ọmọ náà rí i. Ó gbá igi mọ́ gílóòbù iná tí ó wà nínú yàrá náà, ó fọ́ ọ, wọ́n sì lé e kúrò. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà wà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní òtítọ́ rí i pé òtítọ́ kò gba bàbá náà là. Ó wá ń wá ibòmíràn tí yóò ti fìdí òtítọ́ múlẹ̀.

Ming

Orí Ming, ọmọbìnrin tí ó ti jẹ́ ti Honey tẹ́lẹ̀, ni Xiao Si gbé ìwákiri yìí lé. Ìyá Ming ń ṣàìsàn, wọn kò sì ní ilé tiwọn. Àtirí ibi gbé ni ìjàkadì rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Xiao Si gbọ́ pé Ming ti ń bá Ma rìn, ó mú ọ̀bẹ lọ dúró de Ma. Ming ni ó bá pàdé. Ó sọ fún un pé òun nìkan ni ó lè ràn án lọ́wọ́. Ming dá a lóhùn pé òun dà bí ayé yìí, kò sí ẹni tí ó lè yí òun padà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi gún un.

Ìdáhùn Ming ni kò jẹ́ kí fíìmù náà di ẹ̀bẹ̀ fún apànìyàn. Xiao Si fẹ́ fi agbára sọ ẹlòmíràn di ohun tí òun rò pé ó tọ́. Ohun kan náà ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe fún bàbá rẹ̀. Ẹni tí ìjọba pọ́n lójú di ẹni tí ó fi ìwà ìjọba pa ẹni tí ó rọ̀ jù ú lọ. Ming nìkan ni ó kọ̀ pé òun kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, òun ni ó sì kú.

Ìkádìí

Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Golden Horse fún fíìmù tí ó dára jù lọ ní 1991. Fún ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìtàn, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ẹjọ́, nítorí ẹ̀dá-ìtàn ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ìrántí ọgbọ̀n ọdún ni ó sì gbé wọn dìde. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó so ohun tí ìdájọ́ yà sọ́tọ̀ pọ̀. Ilé-ẹjọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí ó ṣe. Fíìmù náà bi ìlú léèrè ohun tí ó ṣe fún àwọn bàbá.

Ní ìparí, Ológbò gbé téèpù orin rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé Elvis Presley fèsì lẹ́tà òun. Wọ́dà gba téèpù náà, ó sì jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí. Nílé, bí ìyá Xiao Si ti ń to aṣọ, ó kan aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, rédíò sì ń ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn orúkọ tí ìjọba fẹ́ kí ìlú gbọ́ nìyẹn. Àwọn tí rédíò kò pè ni fíìmù yìí kọ sílẹ̀.